Bí Oògùn Àfihàn Ṣe Ń Tọ Ipa Egbò Tó Farasin

Egbò kan wà tí ojú rẹ̀ lórí awọ kò ju orí ìṣáná lọ. Yóò máa sun ọyún díẹ̀díẹ̀, yóò pa dé fún ọ̀sẹ̀ méjì kan, àwọn ará ilé yóò ti máa dúpẹ́, àfi bó bá tún la ojú. Ohun tó hàn lára awọ yẹn kọ́ ni egbò gan-an. Ọ̀nà kan wà tó gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Ó lè gùn tó ìka kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè ṣẹ́rí, ó lè ya sí méjì mẹ́ta, kó tó dé ibi tí àrùn fìdí kalẹ̀ sí. Bí ọ̀nà náà bá parí sínú ẹran ara tí kò yọ síbòmíràn, sáínọ́ọ̀sì ni àwọn dókítà ń pè é. Bí ó bá lu ibòmíràn, bíi kó ti ara awọ já sínú ìfun, fístúlà ni. Àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń rí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni pé kí wọ́n ta oògùn tí x-ray kò lè là kọjá sí ojú egbò, kí wọ́n sì ya àwòrán ibi tí oògùn náà bá tọ̀ dé. Oògùn àfihàn ni oògùn ọ̀hún. Dáì ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ń pè é.

Oríṣiríṣi nǹkan ló ń bí egbò báyìí. Egungun tó kẹ̀ wà lára èyí tó wọ́pọ̀ jù, pàápàá nílẹ̀ Yorùbá níbi tí àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde ti ń bá ọ̀pọ̀ ọmọdé fínra. Ẹ̀jẹ̀ tí kò ráyè ṣàn a máa jẹ́ kí apá kan egungun kú, kòkòrò Salmonella tàbí Staphylococcus a sì fi ibẹ̀ ṣelé. Àfọ́kù egungun tó ti kú yìí kò ní jẹ́ kí egbò jinná láéláé bí wọn kò bá yọ ọ́. Ilé ìwòsàn eegun tó wà ní Ìgbóbì l'Ékòó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945 fún ìtọ́jú àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì, kò tíì ṣíwọ́ títọ́jú irú egbò bẹ́ẹ̀ dòní.

Ikọ́ ẹ̀gbẹ náà ń fà á. Bí ó bá wọ eegun ẹ̀yìn, ọyún rẹ̀ a máa rọra sọ̀ kalẹ̀ gba inú iṣan ìbàdí títí yóò fi yọ ojú ní itan, tí ẹni tó ń wò ó yóò sì fi rò pé itan ni àrùn wà. Ẹ̀rún igi tó kù sí àtẹ́lẹsẹ̀, okùn tí wọ́n fi rán iṣẹ́ abẹ, ìfun tó jò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ikùn, gbogbo wọn lè bí i. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n bí ihò mọ́ ní ọrùn. Ti ihò ìdí pọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà, nítorí pé jẹ̀díjẹ̀dí ni wọ́n ń pe gbogbo àìsàn ìdí, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí sì wà ní gbogbo ibùdókọ̀.

Ìdí tí fọ́tò x-ray lásán kò fi tó ni pé x-ray kì í la gbogbo ara kọjá bákan náà. Kálísíọ́ọ̀mù inú eegun, tí nọ́ńbà átọ́ọ̀mù rẹ̀ jẹ́ 20, a máa dá púpọ̀ nínú ìtànṣán náà dúró. Òun ló ń jẹ́ kí eegun funfun nínú fọ́tò. Ẹran ara, ẹ̀jẹ̀ àti ọyún kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Omi ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọ̀ eérú kan náà sì ni gbogbo wọn ń mú jáde. Ọ̀nà tó kún fún ọyún láàárín ẹran ara kò ní yàtọ̀ sí ẹran tó yí i ká, bó ti wù kí fọ́tò náà mọ́ tó. Áyódíìnì, tí nọ́ńbà átọ́ọ̀mù tirẹ̀ jẹ́ 53, ń dá x-ray dúró ju kálísíọ́ọ̀mù lọ dáadáa. Báríọ̀mù jẹ́ 56. Bísímọ́ọ̀tì jẹ́ 83. Èyíkéyìí nínú wọn tó bá wọ inú ihò náà yóò sọ ọ́ di ìlà funfun tí ojú lè tọ̀.

Bísímọ́ọ̀tì ni wọ́n kọ́kọ́ lò. Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 1895 ni Wilhelm Conrad Röntgen ṣalábàápàdé x-ray ní Würzburg ní Jámánì, kò sì pẹ́ rárá tí àwọn oníṣẹ́ abẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi í wá ọta ìbọn àti abẹ́rẹ́ tó há sára èèyàn. Irin kì í ṣòro rí. Ihò ọyún ló ṣòro, orúkọ tó sì so mọ́ ọ̀nà àbáyọ ni ti Emil G. Beck, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Chicago. Láàárín 1906 sí 1908, Beck po ìpara kan: ìdá kan bísímọ́ọ̀tì tó ní náítíréètì nínú, ìdá méjì faselíìnì. Ó yọ́ ọ, ó sì fi sírínjì tì í sínú egbò àwọn tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti ba eegun wọn jẹ́. Àwòrán fi gbogbo kọ̀rọ̀ ihò náà hàn. Ohun tí Beck kò retí ni pé díẹ̀ nínú àwọn egbò tó ti ń jò láti ọdún pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jinná lẹ́yìn àyẹ̀wò.

Bí àyẹ̀wò ṣe di ìwòsàn nìyẹn. Àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ń tẹ̀lé Beck, wọ́n ń ti ìpara náà sínú egbò lọ́pọ̀ yanturu, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti yíwọ́. Bísímọ́ọ̀tì tó bá pọ̀ lára májèlé ni: ìlà dúdú yọ ní erìgì àwọn aláìsàn, ẹnu wọn ń di egbò. Kòkòrò inú ara tún lè sọ náítíréètì inú ìpara náà di náítíráìtì, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́, àwọ̀ aláìsàn a sì ṣú bí aró. Àwọn kan kú. Ẹ̀bi Beck kọ́ ni pé ó gbìyànjú. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tí ara kò lè tètè lé jáde ni wọ́n ń rọ sínú ihò tí wọn kò mọ bó ṣe tóbi tó.

Epo ló tẹ̀lé e. Marcel Guerbet ti ṣe Lipiodol ní Paris ní 1901, epo èso pọ́pì tí wọ́n fi áyódíìnì sí, ṣùgbọ́n nígbà tí Sicard àti Forestier bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún àwòrán ní nǹkan bí 1921 ni òkìkí rẹ̀ kàn. Kò pa èèyàn bíi ti bísímọ́ọ̀tì, àbùkù rẹ̀ ni pé epo kò bá ọyún pò. Ó ń já sí ẹ̀kán ẹ̀kán, ó sì lè wà nínú ara fún ọdún púpọ̀. Ti Thorotrast, oògùn àfihàn mìíràn, burú jù. Láti nǹkan bí 1930 ni wọ́n ti ń lò ó nítorí àwòrán rẹ̀ tó mọ́ kedere, láìka pé tóríọ̀mù inú rẹ̀ ń tú ìtànṣán jáde fúnra rẹ̀, pé kì í sì í kúrò lára mọ́. Lẹ́yìn ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ń yọ lára àwọn tí wọ́n ti fún.

Oògùn tí wọ́n ń lò lónìí ti ibòmíràn wá. Ní 1929, Moses Swick, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní Jámánì, fi hàn pé áyódíìnì tó ń yòrò nínú omi lè gba inú ẹ̀jẹ̀ kọjá kí kíndìnrín sì tọ̀ ọ́ dànù. Ní 1969, Torsten Almén ti Sweden kọ̀wé pé ìrora tí oògùn wọ̀nyí ń fà wá láti inú agbára tí wọ́n ní láti fa omi jáde lára, pé a lè ṣe irú tí kì í pín sí méjì nínú omi, tí agbára yẹn yóò sì fi dín kù. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni irú oògùn bíi iohexol ti wá. Ìwádìí kan ní Japan, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1990 lórí àwọn èèyàn tó ju 330,000 lọ tí wọ́n ta oògùn sí lójú iṣan, fi hàn pé ara tó kọ oògùn lọ́nà líle ṣẹlẹ̀ sí èèyàn 22 nínú 10,000 pẹ̀lú oògùn àtijọ́, àti sí èèyàn 4 nínú 10,000 pẹ̀lú irú tuntun.

Ṣáájú àyẹ̀wò, wọ́n máa ń béèrè bóyá ara aláìsàn ti kọ oògùn àfihàn rí, bóyá ó ní ikọ́ fée, bóyá ó lóyún bí ó bá jẹ́ obìnrin. Àwọn kan ṣì gbà pé ẹni tí edé kì í bá lára mu kò gbọ́dọ̀ gba áyódíìnì. Kò rí bẹ́ẹ̀: èròjà inú ẹran edé ni ara irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń kọ̀, kì í ṣe áyódíìnì. Lẹ́yìn ìbéèrè, wọn yóò kọ́kọ́ ya fọ́tò kan láìtíì ta oògùn kankan. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí ti ṣe ara rẹ̀ ní ibi, nítorí fọ́tò yìí ni yóò fi mọ ohun tó ti funfun níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: àfọ́kù egungun, ìgò, irin, tàbí òkú sòbìà tó ti le bí òkúta nínú ẹsẹ̀ àgbàlagbà. Àjọ ìlera àgbáyé ti kéde ní 2013 pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n àwọn tó kú sára àwọn àgbà ṣì wà nínú fọ́tò x-ray wọn.

Wọn yóò lẹ irin kékeré kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ojú egbò kí ẹnu ọ̀nà lè hàn nínú àwòrán. Bí ojú egbò bá ju ẹyọ kan lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni yóò ní àmì tirẹ̀. Wọn yóò nu ibẹ̀ mọ́, wọn yóò sì fún ọyún tó dí i jáde. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó rọ̀, bíi èyí tí wọ́n fi ń bọ́ ọmọ ìkókó láti imú, ni wọ́n ń rọra tì wọlé títí yóò fi dúró fúnra rẹ̀. Wọn kì í fipá tì í: ògiri irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ rọ̀ púpọ̀, rọ́bà tí wọ́n bá fi agbára tì lè gbẹ́ ọ̀nà ẹ̀tàn tí àìsàn kò dá, dókítà yóò sì máa tọ ipa ọwọ́ ara rẹ̀. Bí egbò bá jẹ́ ti ìfun tó jò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n sábà máa ń dúró ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá kí ògiri ọ̀nà náà lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é.

Oògùn kì í bọ́ sínú lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń tì í lábẹ́ ẹ̀rọ x-ray tó ń fi àwòrán hàn lójú ẹsẹ̀ bó ṣe ń lọ, nítorí ìgbà tí ẹ̀ka kan bẹ̀rẹ̀ sí í kún ni ó rọrùn jù láti rí i. Tí gbogbo rẹ̀ bá ti funfun tán, ọ̀kan yóò bo èkejì. Wọ́n ń ya àwòrán láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́ àti ní ìdábùú, kí wọ́n lè mọ bí ọ̀nà náà ṣe jìn tó àti ìhà tó kọrí sí. Tí aláìsàn bá ní ó ń dun òun gan-an, tàbí tí oògùn bẹ̀rẹ̀ sí í tú padà síta, wọn yóò dáwọ́ dúró. Oògùn tó bá dà sára awọ gbọ́dọ̀ di nínù kíákíá, torí pé ó lè dà bí ẹ̀ka egbò nínú fọ́tò. Wọn yóò kọ iye tó wọlé sílẹ̀. Nígbà mìíràn wọ́n tún ń ya fọ́tò kan sí i lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, láti mọ bóyá oògùn náà ń ṣàn jáde tàbí ó dúró sínú àpò ọyún kan tí kò ní ẹnu tó tó.

Kíka àwòrán ni iṣẹ́ gidi. Oògùn tó bá dé inú ìfun yóò fi àwọn ìṣẹ́po ìfun hàn, kò sì sí iyèméjì mọ́ pé fístúlà ni. Oògùn tó bá yí àfọ́kù egungun ká fi hàn pé ibẹ̀ ni orísun ọyún. Ẹ̀rún igi kì í hàn nínú fọ́tò x-ray lásán, ṣùgbọ́n bí oògùn bá kún yí i ká, ibi tí ó dùbúlẹ̀ sí yóò ṣófo láàárín funfun. Afẹ́fẹ́ tó bá bá oògùn wọlé náà ń ṣófo bẹ́ẹ̀. Bí aláìsàn bá yí padà, afẹ́fẹ́ yóò sún, igi kò ní sún.

Irú oògùn tí wọ́n máa lò wà lọ́wọ́ ibi tí ọ̀nà náà lè já sí. Báríọ̀mù dára nínú ìfun, ṣùgbọ́n bí ó bá dà sínú àyè ikùn pẹ̀lú ìgbẹ́, ìnira ńlá ló ń fà, ara kò sì lè fà á gbẹ. Ẹni tí ọ̀nà egbò rẹ̀ lè já sí ẹ̀dọ̀fóró kò gbọ́dọ̀ gba Gastrografin, oògùn áyódíìnì tó ń yòrò nínú omi, nítorí ó lágbára láti fa omi kún ẹ̀dọ̀fóró. Ibi tó léwu jù ni ẹ̀yìn. Bí egbò ẹ̀yìn bá já sínú omi tó yí mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn ká, tí wọ́n sì ta oògùn àtijọ́ tó ń pín sí méjì sí i, gìrì líle ló máa ń tẹ̀lé e, ó sì lè gba ẹ̀mí. Irú ti Almén tí wọ́n fọwọ́ sí fún omi ẹ̀yìn nìkan ni kó wọ ibẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni gbígbà pé ibi tí oògùn dúró sí ni ọ̀nà parí sí. Ọyún tó ki lè dí ẹ̀ka kan pátápátá. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà ń ta oògùn àfihàn sínú ojú ọgbẹ́ àwọn tí wọ́n fi ọ̀bẹ gún ní ikùn, wọ́n ń wò ó bóyá ọ̀bẹ wọ inú lọ́hùn-ún. Àlàyé rẹ̀ bọ́ sójú ọgbọ́n, ṣùgbọ́n ìpele iṣan ikùn máa ń yẹ̀ lórí ara wọn nígbà tí ẹni tí wọ́n gún bá sinmi tàbí tó yí ara padà, ihò orí iṣan kan kò ní ṣe déédéé pẹ̀lú ti abẹ́ rẹ̀ mọ́, oògùn a sì dúró sójú kan. Àwòrán sọ pé kò sí nǹkan, ìfun sì ti lu. Wọ́n pa àyẹ̀wò náà tì. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ti ihò ìdí tún kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí Charles-François Félix ń ṣiṣẹ́ abẹ fístúlà fún Louis Kẹrìnlá, ọba Faransé, ní 1686, ìka rẹ̀ àti irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló fi wá ọ̀nà. Alan Parks àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn St Mark's ní London yẹ aláìsàn 400 wò, wọ́n sì pín fístúlà yìí sí oríṣi mẹ́rin ní 1976, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe gba ara iṣan tó ń di ìgbẹ́ mú kọjá. Iṣan yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀: bí dókítà bá gé e jù, ìgbẹ́ yóò máa dà lára aláìsàn láìmọ̀. X-ray àti oògùn àfihàn kì í sì í fi iṣan hàn. Nínú ìwádìí kan tí àwọn dókítà ará Netherlands tẹ̀ jáde ní 1985 lórí aláìsàn 25, àwòrán náà bá ohun tí iṣẹ́ abẹ rí mu lára èèyàn mẹ́rin péré. Nítorí náà ẹ̀rọ MRI, tó ń fi iṣan hàn, ni wọ́n ń lò fún un báyìí níbi tí ó bá wà; ìwádìí kan láti St Mark's ní 2002 fi hàn pé iṣẹ́ abẹ tó tẹ̀lé MRI ń dín ìpadàbọ̀ fístúlà tó ti padà wá rí kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Níbi tí MRI kò bá sí, wọ́n lè ta háídírójìn pẹ́rọ́ksáìdì díẹ̀ sínú ihò náà kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ sikáànì olóhùn wò ó: ìfófòó rẹ̀ ni yóò tàn yòò.

Oògùn àfihàn kan tún wà tí kò nílò ẹ̀rọ rárá. Obìnrin tí ìtọ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìrọbí tó pẹ́ jù lè ní fístúlà láàárín àpò ìtọ̀ àti ojú ara. Wọn yóò fi òwú mẹ́ta tẹ̀ léra nínú ojú ara, wọn yóò sì fi rọ́bà ta omi aláwọ̀ búlúù sínú àpò ìtọ̀. Bí òwú àárín bá di búlúù, àpò ìtọ̀ ló lu. Bí òwú òkè bá tutù tí kò ní àwọ̀, ìtọ̀ náà ń bọ̀ láti òkè, láti inú ọ̀nà tó wá láti kíndìnrín. Bí ó bá jẹ́ tìsàlẹ̀ nìkan ló ní àwọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ojú ibi tí ìtọ̀ ń gbà jáde ló ń jò.

Ẹ̀rọ CT ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ x-ray àtijọ́, nítorí ó ń fi oògùn, eegun àti àpò ọyún hàn pọ̀. Síbẹ̀ ní ilé ìwòsàn tó ní x-ray nìkan, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan àti mílílítà oògùn díẹ̀ ṣì lè dáhùn ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù fún oníṣẹ́ abẹ: ibo ló ti ń wá, kí ló sì wà níbẹ̀? Àwòrán kò lè sọ irú kòkòrò tó wà níbẹ̀. Ọyún tí wọ́n gbà lójú egbò náà kì í fìgbà gbogbo sọ òtítọ́ nípa kòkòrò inú eegun. Láti ara eegun fúnra rẹ̀ ló ti yẹ kí wọ́n mú un. Egbò tó ti ń jò fún ọ̀pọ̀ ọdún sì lè di jẹjẹrẹ, nítorí náà wọ́n máa ń gé díẹ̀ nínú ẹran ẹ̀bá rẹ̀ fún àyẹ̀wò.

Ẹni tí egbò rẹ̀ bá ti ń pa dé tó tún ń là fún ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ, kó má ṣe máa tú ìyẹ̀fun inú kápúsù sí i lójú mọ́. Ńṣe ni ìyẹn ń dí ẹnu ọ̀nà, tí ọyún yóò sì wá ibòmíràn gbà. Kó lọ sí ilé ìwòsàn tó ní oníṣẹ́ abẹ àti ẹ̀rọ x-ray, kó mú gbogbo fọ́tò x-ray àtijọ́ rẹ̀ dání, kó sì sọ oògùn tí ara rẹ̀ ti kọ̀ rí fún wọn kí wọ́n tó ta ohunkóhun sí i.